Bí A Ṣe Ń Fi Láptọ́ọ̀pù Pín Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ẹ̀rọ Géèmù Alágbèéká

Láptọ́ọ̀pù tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè di orísun Wi-Fi fún ẹ̀rọ géèmù. Ìdí tí èèyàn fi ń nílò rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé wáyà nìkan ló wà nínú yàrá. Ó lè jẹ́ pé Wi-Fi ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé ojú ìwé kan jáde tí a ó ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà yàrá, tí ẹ̀rọ géèmù kò sì lè ṣí ojú ìwé náà. Ó lè jẹ́ Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti iléeṣẹ́ tó ń béèrè orúkọ oníṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní WPA2-Enterprise. Nintendo Switch, 3DS àti PS Vita kò mọ̀ ọ́n lò. Ó sì lè jẹ́ pé router (àpótí tó ń pín Wi-Fi) ti di tuntun ju ẹ̀rọ géèmù lọ, tí àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́. Láptọ́ọ̀pù á dúró láàárín, á bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀, á sì bá ẹ̀rọ géèmù sọ èyí tó rọrùn.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ kan kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Ẹ ka òfin ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ géèmù

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Ẹ̀rọ géèmù ni kò ṣeé yí padà, òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè ohun méjì: ìgbì wo ló lè gbọ́, 2.4 GHz nìkan ni àbí 5 GHz pẹ̀lú? Irú ààbò wo ló mọ̀? (WEP, WPA, WPA2 àti WPA3 ni orúkọ irú ààbò Wi-Fi, láti ti àtijọ́ dé ti tuntun. 802.11 pẹ̀lú lẹ́tà ìparí rẹ̀ ni orúkọ ìran Wi-Fi, 802.11b sì jẹ́ ti àtijọ́.)

- Nintendo DS àti DS Lite: 802.11b lórí 2.4 GHz. WEP nìkan ni ààbò tó mọ̀, àbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà láìní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá.
- DSi: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ WPA àti WPA2, nínú àyè ìsopọ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ṣùgbọ́n géèmù DS tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ ṣì ń lo ọ̀nà àtijọ́, WEP tàbí láìní ààbò.
- PSP 1000, 2000, 3000 àti Go: 802.11b. Wọ́n mọ WEP àti WPA-PSK, wọn kò mọ WPA2. PSP E1000 kò ní Wi-Fi rárá, kò sí ohun tí a lè ṣe fún un.
- 3DS, 2DS àti PS Vita: 2.4 GHz nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ WPA2.
- Switch, Switch Lite àti Switch OLED: 2.4 GHz àti 5 GHz, títí dé 802.11ac. Steam Deck àkọ́kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Switch 2 ti dé Wi-Fi 6, Steam Deck OLED sì dé Wi-Fi 6E.

Fún gbogbo èyí tó mọ WPA2, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. DS àti PSP ni iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní apá tiwọn nísàlẹ̀.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ìsopọ̀ náà ṣe. Nintendo ti pa iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì DS (Nintendo WFC) ní 20 oṣù karùn-ún 2014, ó sì pa eré orí íntánẹ́ẹ̀tì 3DS ní 8 oṣù kẹrin 2024. Àwọn olólùfẹ́ eré ti dá ṣáfà tiwọn sílẹ̀, bíi Wiimmfi, èyí tí a máa ń dé nípa yíyí DNS inú ẹ̀rọ (ṣáfà tó ń sọ àdírẹ́sì orúkọ wẹ́ẹ̀bù fún un) padà. Bí ẹ bá so DS pọ̀ láìyí DNS, tó sì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí hotspot yín, ìyẹn Wi-Fi tí láptọ́ọ̀pù ń pín, má lẹ́bi kankan.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde

Ètò tó dára jù ni kí íntánẹ́ẹ̀tì gba wáyà Ethernet wọ láptọ́ọ̀pù, kí ó sì gba Wi-Fi jáde. Fóònù tí a fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù, tí a sì tan USB tethering rẹ̀ (ètò tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fóònù gba wáyà), ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Gbígba Wi-Fi wọlé kí a tún fi káàdì Wi-Fi kan náà pín in ṣeé ṣe lórí Windows, ṣùgbọ́n ẹnu kan kò lè máa jẹun kó tún máa fọn fèrè. Káàdì náà á máa pín àkókò rẹ̀ sí méjì, eré á sì falẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ káàdì kò lè wà lórí ìkànnì (channel) méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí 5 GHz router, hotspot lè kọ̀ láti jáde lórí 2.4 GHz, bẹ́ẹ̀ 3DS kò ní rí 5 GHz láéláé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ 2.4 GHz router náà, tàbí kí ẹ ra káàdì Wi-Fi USB kékeré kan kí ọ̀kan máa gbà, kí èkejì máa pín.

Lórí Windows 10 àti 11

1. Ẹ ṣí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kan lórí láptọ́ọ̀pù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ní ojú ìwé ìwọlé, ẹ parí rẹ̀ nísinsìnyí.
2. Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Network & internet, lẹ́yìn náà Mobile hotspot. Ẹ má tíì tàn án.
3. Níbi Share my internet connection from, ẹ yan ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé gan-an, Ethernet tàbí Wi-Fi.
4. Níbi Share over, ẹ yan Wi-Fi, kì í ṣe Bluetooth.
5. Ẹ tẹ Edit. Ẹ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní orúkọ kúkúrú tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àwòrán kankan sí i. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì 8 sí 63. Lẹ́tà kéékèèké àti nọ́ńbà ni kí ẹ lò, torí orí pátákó ìtẹ̀wé ẹ̀rọ géèmù ni ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́, ìyà sì ni títẹ lẹ́tà ńlá níbẹ̀.
6. Níbi Network band, ẹ yan 2.4 GHz fún 3DS àti Vita. Fún Switch tàbí Steam Deck tó wà nínú yàrá kan náà, 5 GHz yára jù, ariwo orí rẹ̀ sì kéré. Ẹ má fi í sí Any available bí ẹ̀rọ géèmù yín bá jẹ́ ti àtijọ́, torí Windows lè yan 5 GHz fúnra rẹ̀.
7. Bí ẹ bá rí àyè láti yan irú ààbò, ẹ yan WPA2. WPA3 kò ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ kankan lóore.
8. Ẹ pa Power saving. Bí ó bá wà ní títàn, Windows á pa hotspot nígbà tí kò bá sí ẹ̀rọ kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù tó bá sùn ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó bá jí, kò ní rí nǹkan kan.
9. Ẹ tàn án. Ẹ̀rọ 8 ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ á máa jẹ́ 192.168.137.1, á sì máa fún ẹ̀rọ géèmù ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.137. Ẹ fi èyí sọ́kàn, á wúlò nígbà tí a bá ń wá àbùkù.

Nǹkan kan kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ìdérí. Ẹ lọ sí Power Options nínú Control Panel, ẹ ṣí Choose what closing the lid does, ẹ fi í sí Do nothing nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí iná. Ẹ fi Sleep sí Never bákan náà. Láptọ́ọ̀pù tó sùn kò pín nǹkan kan.

Lórí Windows 7 àti 8

Kò sí bọ́tìnnì Mobile hotspot níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ:

netsh wlan show drivers

Ẹ wá ìlà Hosted network supported. Bí ó bá jẹ́ No, káàdì yẹn kò lè ṣe é, ẹ fi ti USB rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Yes:

netsh wlan set hostednetwork mode=allow ssid=geemu key=okuta2468
netsh wlan start hostednetwork

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ncpa.cpl. Orí káàdì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ni ẹ ó ti tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, kì í ṣe orí tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Properties, Sharing, ẹ fàmì sí àyè àkọ́kọ́, kí ẹ sì yan ìsopọ̀ tuntun náà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá yí i sódì, ẹ̀rọ géèmù á so pọ̀ dáadáa láìní íntánẹ́ẹ̀tì. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún láptọ́ọ̀pù tàn, ẹ ó tún àṣẹ start yẹn tẹ̀.

Mac

Mac kì í fi káàdì Wi-Fi kan náà gbà kó tún fi pín. Ẹ gbọ́dọ̀ ní wáyà Ethernet tàbí fóònù lórí USB. System Settings, General, Sharing, kí ẹ wá tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Internet Sharing. Ẹ yan ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, ẹ fàmì sí Wi-Fi gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìjáde, kí ẹ sì ṣí Wi-Fi Options. Níbẹ̀ ni ẹ ti ń yan ìkànnì: 1, 6 tàbí 11 fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ 2.4 GHz. Àdírẹ́sì Mac á máa jẹ́ 192.168.2.1.

Linux

Ẹ tẹ iw list, kí ẹ wo abẹ́ Supported interface modes. AP, ìyẹn agbára láti pín Wi-Fi, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àṣẹ kan ti tó:

nmcli device wifi hotspot ifname wlan0 ssid geemu password okuta2468 band bg channel 6

bg túmọ̀ sí 2.4 GHz, fún 5 GHz, ẹ kọ a, kí ẹ sì yan ìkànnì bíi 36. Ẹ̀rọ géèmù á gba àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.42.0. Bí 3DS bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣùgbọ́n tí kò lè wọlé, ẹ pa ààbò ìṣàkóso (PMF) tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ̀, kí ẹ sì tún hotspot gbé dìde:

nmcli connection modify Hotspot wifi-sec.proto rsn wifi-sec.pairwise ccmp wifi-sec.group ccmp wifi-sec.pmf disable
nmcli connection up Hotspot

Síso ẹ̀rọ géèmù pọ̀

Switch: System Settings, Internet, Internet Settings. Ẹ yan orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì ṣe Test Connection.

3DS: System Settings, Internet Settings, Connection Settings, New Connection, Manual Setup, Search for an Access Point. Lára 3DS àkọ́kọ́, bọ́tìnnì kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó ń pa Wi-Fi. Bí iná rẹ̀ kò bá tàn, ẹ kò ní rí orúkọ kankan.

Vita: Settings, Network, Wi-Fi Settings. PSP: Settings, Network Settings, Infrastructure Mode, New Connection, Scan. Ad Hoc Mode orí PSP kì í ṣe èyí, eré láàárín PSP méjì ló wà fún. PSP náà ní bọ́tìnnì WLAN lára.

DS àti PSP

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú nìyí: wọ́n tan Mobile hotspot Windows 10, wọ́n yan 2.4 GHz, fóònù rí i, 3DS rí i, DS kò bá a sọ̀rọ̀. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ààbò: WPA2 ni Windows ń lò, kò sì sí àyè láti yọ ọ́. Ìkejì ni Wi-Fi Direct, ohun tí Mobile hotspot dúró lé lórí. Wi-Fi Direct kì í lo àwọn ìyára 802.11b, ìyẹn 1, 2, 5.5 àti 11 Mbps. Àwọn ìyára wọ̀nyí nìkan sì ni ẹ̀rọ 802.11b mọ̀, DS kò tilẹ̀ kọjá 2 Mbps. Nítorí náà, kò sí ètò kankan nínú Settings tó lè tún un ṣe. Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò níbẹ̀.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni Linux pẹ̀lú hostapd (tó ń gbé Wi-Fi jáde) àti dnsmasq (tó ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì), kí íntánẹ́ẹ̀tì máa gba eth0 wọlé, kí káàdì USB tó ní AP sì jẹ́ wlan1. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún NetworkManager pé kó fi káàdì náà sílẹ̀, kí ẹ fún un ní àdírẹ́sì:

sudo nmcli device set wlan1 managed no
sudo ip addr add 192.168.50.1/24 dev wlan1

Ẹ kọ èyí sínú fáìlì ds.conf:

interface=wlan1
driver=nl80211
ssid=geemu
hw_mode=g
channel=6
auth_algs=1
wpa=0
supported_rates=10 20 55 110
basic_rates=10 20
macaddr_acl=1
accept_mac_file=/etc/hostapd/gba

Nọ́ńbà ìyára wà ní ìwọ̀n 100 kbps, nítorí náà 10 jẹ́ 1 Mbps, 20 sì jẹ́ 2 Mbps. Ìlà basic_rates ni ọkàn gbogbo rẹ̀: bí ìyára kan tí DS kò mọ̀ bá wọ ibẹ̀, kò ní lè dara pọ̀. Fáìlì gba ni ẹ ó kọ àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ géèmù (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì Wi-Fi rẹ̀) sí, ọ̀kan lórí ìlà kan. Lórí DS, ẹ ó rí i nínú ìwífún ẹ̀rọ lábẹ́ ètò Nintendo WFC tó wà nínú géèmù. Fún PSP, ẹ yọ wpa=0, ẹ fi ìlà mẹ́rin wọ̀nyí rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yan WPA-PSK (AES) lórí PSP:

wpa=1
wpa_key_mgmt=WPA-PSK
wpa_pairwise=CCMP
wpa_passphrase=okuta2468

Lẹ́yìn náà:

sudo sysctl net.ipv4.ip_forward=1
sudo iptables -t nat -A POSTROUTING -o eth0 -j MASQUERADE
sudo dnsmasq --interface=wlan1 --bind-interfaces --dhcp-range=192.168.50.10,192.168.50.50,12h
sudo hostapd ds.conf

Ẹ má jẹ́ kí hostapd kúrò lójú yín. Nígbà tí DS bá dé, ẹ ó rí ìlà tó ní associated nínú. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí DS sì ń ráhùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí Wi-Fi, ó ti di ti àdírẹ́sì tàbí DNS. Bí ufw, ìyẹn firewall (ohun tó ń dí ìsopọ̀ tí a kò fọwọ́ sí) Linux, bá wà lórí láptọ́ọ̀pù náà, òun ló ṣeé ṣe kó dí ọ̀nà:

sudo ufw allow in on wlan1
sudo ufw route allow in on wlan1 out on eth0

Ṣé kí a lo WEP dípò kí a ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀? Kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń já WEP, ọ̀pọ̀ hostapd tuntun kò sì ní í nínú mọ́. Yíyan MAC náà kì í ṣe ìdènà fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Aládùúgbò tó kàn ń wá Wi-Fi ọ̀fẹ́ nìkan ló ń lé padà. Ààbò gidi ni pé kí ẹ tan hotspot yìí nígbà eré nìkan, kí ẹ tẹ Ctrl+C lẹ́yìn rẹ̀.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

*Ẹ̀rọ géèmù kò rí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.* 5 GHz ló fa èyí jù. Ìkejì ni ìkànnì 12 tàbí 13, tí àwọn ẹ̀rọ kan kì í gbọ́. Ẹ padà sí 1, 6 tàbí 11. Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì Wi-Fi ara ẹ̀rọ.

*Ó rí i, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ́.* Bí ó bá dá yín lójú pé ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, WPA3 ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀rọ àtijọ́ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mi ò mọ ààbò yìí". Ọ̀rọ̀ aṣínà ló máa ń dá lẹ́bi.

*Ó wọlé, kò gba àdírẹ́sì IP.* Firewall tó bá ohun ìdènà kòkòrò kọ̀ǹpútà wá ló sábà máa ń dí UDP 67 àti 68. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú kan láti dán an wò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ tan firewall padà kí ẹ sì fún ìsopọ̀ náà láyè. Lórí Windows, ẹ tún ṣí services.msc, kí ẹ tún Internet Connection Sharing (ICS) gbé dìde. Bí kò bá gbọ́, ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì sínú ẹ̀rọ géèmù: IP 192.168.137.20, subnet mask 255.255.255.0, gateway 192.168.137.1, DNS 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1.

*Ó ní àdírẹ́sì, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì.* Ẹ ṣí wẹ́ẹ̀bù lórí láptọ́ọ̀pù. Ojú ìwé ìwọlé lè ti padà wá, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gbèdéke wákàtí. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń ṣí wẹ́ẹ̀bù dáadáa, ẹ yí DNS inú ẹ̀rọ géèmù padà.

*Ó ń já lóòrèkóòrè.* Lẹ́yìn Power saving àti ìdérí, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ ṣí Properties káàdì Wi-Fi, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò lórí àyè tó gba Windows láyè láti pa káàdì náà.

*Ó ń falẹ̀ lórí 2.4 GHz.* Ihò USB 3.0 àti wáyà rẹ̀ máa ń tú ariwo sórí 2.4 GHz. Bí káàdì Wi-Fi USB bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíkì USB 3.0, ẹ fi wáyà ìfàgùn gbé e jìnnà díẹ̀. Agbọ́rọ̀ Bluetooth náà wà lórí ìgbì yẹn kan náà.

*Dáńlóòdù ń lọ, eré pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn kò lọ.* Láptọ́ọ̀pù ń ṣe NAT (fífi àdírẹ́sì kan ṣojú ẹ̀rọ púpọ̀), router náà ń ṣe NAT, ẹ̀rọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré kò sì rí ojú ọ̀nà tààrà dé ọ̀dọ̀ yín. Lórí Switch, Test Connection á fi irú NAT hàn: A àti B dára, C lè ṣe wàhálà, D burú. Àṣìṣe 2618-0516 náà, NAT ló ń tọ́ka sí. UPnP (ètò tó ń ṣí ọ̀nà fún eré fúnra rẹ̀) tí ẹ tàn lórí router kì í kọjá láptọ́ọ̀pù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ géèmù. Fún irú eré bẹ́ẹ̀, kí ẹ yọ láptọ́ọ̀pù kúrò láàárín ló dára jù, bó ṣe fóònù ni ẹ ó fi ṣe hotspot, bó sì ṣe wáyà LAN lára dock Switch.

*Eré local wireless láàárín ẹ̀rọ méjì.* Hotspot kò kan èyí rárá. Àwọn ẹ̀rọ náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wi-Fi kankan kọjá. Láti gbé e dé ọ̀nà jíjìn, ohun èlò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ XLink Kai ni àwọn èèyàn ń lò, ó sì ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.